Ẹ́ńjìnnì Tuntun Kò Fẹ́ Ìkánjú

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì tí mẹkáníìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ tò tán.

Bí ẹ bá yọjú wo inú sílíńdà rẹ̀, ẹ ó rí ìlà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tí wọ́n dábùú ara wọn, bí ilà tí ọ̀bẹ olóòlà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọ. Àwọn ni ó ń di ọ́ìlì mú, àwọn náà ni ó sì ń ha òrùka písítìnì díẹ̀díẹ̀, títí òrùka àti ògiri yóò fi bá ara wọn mu, tí èéfín gbígbóná kò ní ráyè jò kọjá. Nítorí náà, ọ́ìlì olówó ńlá tí ó ń yọ̀ jù kò yẹ ẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọ́ìlì míńírà lásán ni kí ẹ kọ́kọ́ rọ sí i.

Lójú títì, ẹ má di ẹrù wúwo rù ú, ẹ má sì fi eré kan ṣoṣo wà á láti Ìbàdàn dé Èkó. Ẹ máa sá díẹ̀, kí ẹ máa dẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí 800 kìlómítà, ẹ tú ọ́ìlì náà sínú abọ́, kí ẹ sì pààrọ̀ fíltà: bí ọ́ìlì náà bá ń dán bí ẹni bu ìyẹ̀fun fàdákà sí i, irin tín-ín-tín tí òrùka àti ògiri ha kúrò lára ara wọn ni.

Ẹ tọ́ ọ bí ọmọ tuntun, yóò rù yín dọ́jọ́ alẹ́.