Bí Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fàájì kékeré, omi òkun gan-an ni wọ́n fi ń ṣan ìgbọ̀nsẹ̀. Bí èèyàn bá fọwọ́ fa pọ́ǹpù, omi á gba ihò abẹ́ ọkọ̀ wọ inú àwo. Pọ́ǹpù yẹn kan náà ni yóò ti ìdọ̀tí jáde. Rọ́bà kan wà nínú páìpù tí kì í jẹ́ kó padà.

Ewu ibẹ̀ rèé: àwo náà sábà máa ń wà nísàlẹ̀ ojú omi. Bí omi bá ń fa ara rẹ̀ wọlé, ó lè ri ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé páìpù kọjá òkè ojú omi, tí wọ́n sì ń fi ihò afẹ́fẹ́ sí góńgó rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá wọlé ni yóò já ìfà omi náà.

Nítòsí èbúté, inú táǹkì ni ìgbọ̀nsẹ̀ ń lọ. Ní Amẹ́ríkà, òfin kò gbà kí wọ́n da èyí tí wọn ò fi ẹ̀rọ tọ́jú sómi láàárín máìlì òkun 3 sí etíkun.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ rántí láti ti ihò abẹ́ ọkọ̀ pa kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀.