Páásíwọọ̀dù Iṣẹ́ Òru

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kò gùn, ṣùgbọ́n owó wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníṣòwò obì ní Ṣàgámù ṣe àpẹẹrẹ. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní láptọ́ọ̀pù. Inú rẹ̀ ni iye tí olúkúlùkù dá àti iye tí ó yá wà. Akọ̀wé fẹ́ kí láptọ́ọ̀pù náà máa ṣe ẹ̀dà ìwé owó yìí fúnra rẹ̀ ní aago méjì òru. Ó ṣeé ṣe. Windows, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ í ṣe. (Ṣùgbọ́n bí kò bá sí iná, tó jẹ́ bátìrì ló ń lò, kò ní bẹ̀rẹ̀, àfi tí ẹ bá ní kó máa ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀ràn iná wa.)

Bí ẹ bá fẹ́ kí iṣẹ́ náà máa lọ bí ẹ kò tilẹ̀ wọlé sórí rẹ̀, yóò béèrè páásíwọọ̀dù yín, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tí ẹ fi ń ṣí i. Kí ló dé? Ẹni tó bá fẹ́ kí lébìrà ṣí ìsọ̀ òun lóru, ṣebí ó gbọ́dọ̀ fún un ní kọ́kọ́rọ́. Nọ́ńbà kúkurú tí wọ́n ń pè ní PIN kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ kò bá sì ní páásíwọọ̀dù rárá, kò ní gbà. Bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ padà lọ kọ tuntun síbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ òru á dúró, ẹ sì lè má mọ̀.

Àwọn kan á ní "1234" náà ti tó. Kò tó o! Ní ìparí ọdún 2008, ètò burúkú kan tí wọ́n ń pè ní Conficker jáde. Ó ń gun fláàṣì, irú èyí tí à ń mú lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé fún wa. Bí a bá ti kì í bọ kọ̀ǹpútà, ó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó tún kó àwọn páásíwọọ̀dù tó rọrùn jọ, "1234" wà nínú wọn, ó ń dán wọn wò lára àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n so pọ̀. Èyí tó bá ṣí, ó wọlé, ó sì yan iṣẹ́ tí yóò máa bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ò rí i? Ọ̀nà tí akọ̀wé wa fẹ́ gbà náà ni olè yìí gbà. Ní 2009, Microsoft, tó ni Windows, ṣèlérí 250,000 dọ́là fún ẹni tó bá tú àṣírí àwọn tó ṣe é. Ní 2011, wọ́n dí ọ̀nà fláàṣì náà lórí àwọn Windows àtijọ́.

Nítorí náà, kí akọ̀wé so ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára tan pọ̀, kó má fi orúkọ ọmọ rẹ̀ ṣe é. Kó kọ ọ́ sínú ìwé, kí akápò tì í mọ́ inú àpótí ẹgbẹ́, nítorí àìsàn àti ìrìn àjò.