Ìwé Tí Kò Ṣeé Kà Nínú Íméèlì



Gbogbo wa ni a mọ̀ pé íméèlì ni àwọn ará ilé fi ń kọ̀wé sí wa ní Kánò níhìn-ín nísinsìnyí. Ẹlòmíràn a tẹ ìwé náà, kò ní ṣí, a sì pa á tì. Ọjọ́ tí wọ́n dá lórí ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ a kọjá láìmọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ó kẹ́yìn orúkọ ìwé náà. Bí ẹ bá rí winmail.dat, ẹ má dá fóònù yín lẹ́bi. Outlook ni ẹni tí ó kọ ọ́ lò, ó sì dì í bí ẹrù tí ẹ̀rọ mìíràn kì í sábà lè tú. Ẹ ní kí ó yí íméèlì náà sí HTML tàbí Plain Text, kí ó sì tún un rán. HEIC, àwòrán iPhone ni. Ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ di JPG.

Nígbà mìíràn ìwé a ṣí, ṣùgbọ́n àpótí kéékèèké ni a óò rí níbi tí ẹ, ọ àti ṣ yẹ kí ó wà. Ẹni tí ń jẹ́ Ọ̀ṣọ́ a di àpótí mẹ́ta gbáko! Lẹ́tà wa ni kò sí nínú ẹ̀rọ náà. PDF a máa gbé lẹ́tà tirẹ̀ dání wá.

Ṣùgbọ́n ìwé owó ọjà kì í ní .exe ní ìdí. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

Bí ọjọ́ bá sì ti súnmọ́, ẹ pe ẹni tí ó kọ ọ́, kí ó kà á sí yín létí. Owó ìpè kò tó owó mọ́tò dé Ògbómọ̀ṣọ́.