Jẹ́bà, Ìlú Ojú Irin àti Odò: Ẹ̀kọ́ fún Àwa Ọmọ Rẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ti Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè wa)

Iṣẹ́ olùkọ́ ni iṣẹ́ mi; nítorí náà, ẹ má ṣe bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá dà bí ẹ̀kọ́ inú kíláàsì.

Láìpẹ́ yìí, mo kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ sí etí Odò Ọya. Mo bi wọ́n léèrè bí ọkọ̀ ojú irin ti ń kọjá kí afárá tó wà. Ọ̀kan nínú wọn dáhùn pé, "Tíṣà, ṣebí láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni afárá ti wà?" Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò pa mí, nítorí mo mọ̀ pé àwa àgbà ni a kò sọ ìtàn fún un.

Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Èkó. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa ní 1909. Odò ni ó dá a dúró níhìn-ín. Ọkọ̀ ojú omi tí ń fi ooru ṣiṣẹ́ ni ó ń gbé wágùnù rékọjá omi, títí afárá fi parí ní 1916. Lónìí, kò sí àmì kan tí ó ń fi ibi tí ọkọ̀ náà ń gúnlẹ̀ sí han ọmọdé.

Ní àkókò kan náà, ìjọba Àríwá ń tẹ́ ojú irin tirẹ̀ láti Báró, tí ó wà ní ìsàlẹ̀ Odò Ọya. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1907, wọ́n sì dé Kánò ní 1911. Èrò wọn ni pé ọkọ̀ ojú omi yóò máa kó ẹrù láti Báró lọ sí òkun. Ṣùgbọ́n omi Ọya a máa fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí ojú irin tiwa pàdé tiwọn ní Mínà, tí a fi méjèèjì sábẹ́ àkóso kan ní 1912, tí afárá wa sì parí, ẹ̀pà àti òwú Àríwá gba ọ̀dọ̀ wa lọ sí Èkó. Bí Jẹ́bà ti ń ga ni Báró ń rẹlẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Òṣìṣẹ́ ojú irin ni bàbá mi. Fèrè ọkọ̀ ni aago ilé wa. Bí ó bá ti dún, ìyá mi a gbé àwo ẹja díndín rù, a sì sáré lọ bá àwọn èrò lójú fèrèsé. Owó ẹja yẹn ni ó rán mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí ìyá mi máa ń dúró sí ní ọdún tí ó kọjá, koríko ti gba orókùn mi.

Ẹrù kò tán o; ọ̀nà tí ó ń gbà ni ó yí padà. Màlúù, àlùbọ́sà àti iṣu ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Gúúsù lórí tírélà. Sìmẹ́ńtì, epo bẹntiróòlù àti ọjà òkè òkun ń gòkè lọ sí Àríwá. Inú wa dùn nígbà tí ọkọ̀ ojú irin tún bẹ̀rẹ̀ sí í rin Èkó sí Kánò ní oṣù Kejìlá 2012, ṣùgbọ́n kò gba ẹrù náà padà lọ́wọ́ tírélà. Ojú irin tuntun tí a ṣí ní 2021 láti Èkó kò sì tíì kọjá Ìbàdàn. Àwọn obìnrin wa tí ń ta ẹja fún èrò ọkọ̀ ojú irin rí ti di ẹni tí ń tà á fún awakọ̀ tírélà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Báró ti kàn wá nìyí. Ìlú tí ó bá ń jẹun lára ẹrù tí ń kọjá lọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹrù kì í bá ìlú mulẹ̀. Bí ọ̀nà bá tún yà kúrò lọ́dọ̀ wa, kí ni a óò jẹ? Ìjọba ṣí ibùdókọ̀ ojú omi tuntun ní Báró ní oṣù Kíní 2019, ṣùgbọ́n àìsí ọ̀nà gidi tí ó wọ ibẹ̀ kò jẹ́ kí iṣẹ́ gbérí. Ilé iṣẹ́ láìsí ọ̀nà, ọlọ láìsí ọmọ ọlọ ni.

Ohun tí a pa tì a tún máa pani lára. Nígbà tí àgbàrá ya wọ Mókwà ní ìparí oṣù Karùn-ún 2025, tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní 200, àwọn ará ibẹ̀ sọ pé ẹ̀yìn òkìtì ojú irin ni omi ti kó jọ kí ó tó já. Aládùúgbò wa ni wọ́n. Ojú irin kan náà ni ó so wá pọ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí Ẹgbẹ́ yìí yan àwọn ọ̀dọ́ tí yóò kọ ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin tí ó ṣẹ́kù sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Èkejì, kí a ri òkúta àmì mọ́ etí odò níbi tí àwọn àgbà bá tọ́ka sí. Ẹ̀kẹta, kí a kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n yẹ ojú ihò omi abẹ́ ojú irin wò, kí wọ́n sì dá ẹrù wúwo padà sórí irin; kí ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun sì bá wa fọwọ́ sí i.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ọya kò ní gbẹ, Jẹ́bà kò ní rẹ̀yìn.