Bí A Ti Ń Wá Aràn Nínú Ẹran Ẹlẹ́dẹ̀

Ìwọ̀nba ni ohun tí ojú lásán lè rí. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lè wà lórí àtẹ alápatà, kí ó pupa dáradára, kí ó má sì rùn rárá, síbẹ̀ kí ikú wà nínú rẹ̀. Aràn kékeré kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ trichinella. Inú iṣan ẹran ni ó ń ká ara rẹ̀ jọ sí, ojú ènìyàn kò sì lè rí i níbẹ̀.

Ní ọdún 1835, James Paget, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní London, kíyè sí aràn yìí nínú òkú ènìyàn. Ṣùgbọ́n ó di ọdún 1860 kí Dókítà Friedrich Zenker, ní ìlú Dresden ní ilẹ̀ Jámánì, tó fi hàn pé aràn náà lè pa ènìyàn. Ní 1865, ní abúlé Hedersleben ní ilẹ̀ Jámánì kan náà, àwọn ènìyàn jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ní tútù. Àwọn 337 ni ó ṣàìsàn. 101 nínú wọn ni ó kú.

Nítorí irú àjálù báyìí ni ìjọba Prussia fi sọ àyẹ̀wò ẹran ẹlẹ́dẹ̀ di dandan ní 1877. Àwọn ayẹ̀ranwò a máa gé ẹran wẹ́wẹ́, wọn a fi í sí àárín gíláàsì méjì, wọn a sì fi skúrù fún un pọ̀ títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi là á kọjá. Nígbà náà ni wọn a fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó.

Ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń gbà ní Yúróòpù lónìí. Wọ́n ń mú gíráàmù kan ẹran láti ara ẹlẹ́dẹ̀ kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi pé 100 ẹlẹ́dẹ̀, wọn a sì lọ̀ wọ́n pọ̀. Wọn a dà á sínú omi gbígbóná lítà 2, pẹ̀lú ásíìdì díẹ̀ àti gíráàmù 10 pepsin, èròjà tí ó dà bí èyí tí ń da oúnjẹ nínú ikùn. Ẹ̀rọ a máa rò ó fún ìṣẹ́jú 30. Ẹran a yọ́, ṣùgbọ́n aràn kì í yọ́. Wọn a fi asẹ́ sẹ́ omi náà sínú àrọ ńlá. Bí aràn bá wà níbẹ̀, a rọ̀ sí ìsàlẹ̀, awò a sì fi í hàn. Bí ẹyọ kan bá hàn, wọn a tún gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ náà yẹ̀ wò títí ọwọ́ yóò fi tẹ èyí tí ó ní i.

Níbi tí irinṣẹ́ wọ̀nyí kò sí, ìdáàbòbò kò tán. Kí ẹni tí ń sin ẹlẹ́dẹ̀ má ṣe jẹ́ kí ó jẹ eku tàbí ẹran tútù, nítorí ibẹ̀ ni aràn ti ń wọ̀ ọ́. Kí ìyàwó ilé má sì gbẹ́kẹ̀ lé iyọ̀, èéfín tàbí oòrùn nìkan. Kí ó se ẹran náà títí inú rẹ̀ kì yóò fi pupa mọ́. Iná tí ó jinná dé inú egungun ń pa aràn tí ojú kò rí.