Àkànlò Èdè Gẹ̀ẹ́sì: Ọ̀rọ̀ Tí Ó Fara Pamọ́ Sínú Ọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà sọ ní Bàrígà

  Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín ti etí ọ̀sà wá, omi ẹja kò tíì gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn ti ilé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú wá, tàdáwà ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Síbẹ̀ ẹ wá. Ọlọ́run yóò san ẹ̀san rẹ̀ fún yín.

A dúpẹ́ pé ẹ ti kúrò ní a-b-d. Ẹ ń ka Yorùbá geere, ẹ sì ti ń ka Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ohun kan ń da ọ̀pọ̀ yín láàmú. Ẹ ó ka gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan, ẹ ó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ ohun tí ó wí kò ní yé yín. Ẹ má ṣe rò pé orí yín ni kò gba ẹ̀kọ́. Àkànlò èdè ni ẹ bá pàdé. Òun ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

ÀWA NÁÀ NÍ TIWA

Ẹ jẹ́ kí á ti ilé bẹ̀rẹ̀. Bí ìjà bá dé, tí mo ní kí ẹ bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀, ta ni yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí yóò máa kí ẹsẹ̀ rẹ̀? Kò sí. Eré ni gbogbo yín yóò sá. Bí mo bá ní bàbá kan fi àáké kọ́rí, ẹ kò ní wo orí rẹ̀ bóyá àáké wà níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ó kọ̀ jálẹ̀ ni. A sì máa ń jẹ gbèsè, ṣùgbọ́n ta ni gbèsè yó rí?

Ẹ wá wo àlejò tí ó ń kọ́ èdè wa. Ó mọ "bá", ó mọ "ẹsẹ̀", ó mọ "sọ̀rọ̀". Lọ́jọ́ tí ìjà bá dé, yóò dúró gbagidi síbẹ̀ nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ti sá lọ. Bí àlejò yẹn ṣe rí nínú Yorùbá ni àwa náà ṣe rí nínú Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe àìgbọ́n. A kò tíì bá wọn gbé ilé náà pẹ́ ni.

DÍẸ̀ NÍNÚ TI GẸ̀Ẹ́SÌ

Ẹ gbọ́ èyí: "foot the bill". "Foot" ni ẹsẹ̀, "bill" ni ìwé owó. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan yóò rò pé wọ́n ní kí òun fi ẹsẹ̀ tẹ ìwé owó mọ́lẹ̀. Rárá o! Ẹni tó bá "foot the bill" ni yóò san gbogbo owó náà pátá. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ pé ìwọ ni yóò ṣe é, má rẹ́rìn-ín. Wo inú àpò rẹ ná.

"Bury the hatchet" ni pé kí á sin àáké mọ́lẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí á parí ìjà. Àwọn kan nínú àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ ni wọ́n máa ń sin ohun ìjà wọn sínú ilẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ ṣe àdéhùn àlàáfíà. Ẹ kò rí i bí? Àáké tiwa wà lórí, a fi ń kọ̀. Àáké tiwọn wọ ilẹ̀, wọ́n fi ń parí ìjà.

"Read the riot act" pọ̀ nínú ìwé ìròyìn wa. Gómìnà tàbí ọ̀gá ọlọ́pàá "read the riot act" fún àwọn awakọ̀. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin kan, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1715. Bí ènìyàn 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá kóra jọ, tí wọ́n ń da ìlú rú, aláṣẹ kan yóò jáde, yóò ka ọ̀rọ̀ òfin náà sí wọn létí. Bí wákàtí kan bá kọjá tí wọn kò tú ká, ikú ni ìjìyà wọn. Òfin yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kú. Lónìí ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a kìlọ̀ fún ènìyàn gidigidi, kí ó má baà rí ìjà òfin.

"Red tape" ńkọ́? Tẹ́ẹ̀pù pupa ni. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ pupa ni àwọn amòfin àti òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi máa ń di ìwé wọn láyé àtijọ́. Lónìí, bí wọ́n bá ní "red tape" pọ̀ ní ọ́fíìsì kan, wàhálà "lọ gba ìwé yìí wá, padà wá lọ́la" ni wọ́n ń sọ.

Èyí tó kàn, ẹ ṣọ́ra fún un: "kick the bucket". Pé ènìyàn ta korobá nípàá. Ó kú ni. Àwa náà máa ń ní ẹnìkan ta téru nípàá. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ lè sọ bẹ́ẹ̀ lójú ọmọ olóòkú? Ẹ kò jẹ́ sọ ọ́. Ẹ ó ní bàbá jáde láyé. Bí ó bá jẹ́ ọba, ẹ ó ní ọba wàjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìwé ìbánikẹ́dùn, "passed away" ni ẹ ó kọ. Mímọ ìtumọ̀ nìkan kò tó. Ẹ mọ ibi tí a ti ń lò ó.

BÍ Ó BÁ KAN ÌWÉ ÀDÉHÙN

Títí di ìsinsìnyí a ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí á fi ẹ̀rín sílẹ̀ díẹ̀.

Láti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni òfin ti wà ní ilẹ̀ wa tí ó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé. Ẹni tó bá bá a kọ ìwé gbọ́dọ̀ kà á fún un, kí ó ṣàlàyé rẹ̀ kí ó yé e, kí ó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sínú ìwé náà. Ààbò ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti ń mọ̀wé báyìí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fi kálámù buwọ́ lu ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ̀wé, ohun tí wọn yóò sọ ni pé ẹ kà á, ó sì yé yín. Nítorí náà ni mo fi ń sọ fún yín pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé ní láti ṣọ́ra ju ẹni tó ń tẹ̀ka lọ.

Ẹ di mẹ́ta yìí mú ṣinṣin.

Èkíní ni "in black and white". Dúdú àti funfun. Tàdáwà dúdú lórí ìwé funfun ni: ìyẹn ni pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Bí onílé bá ní òun yóò tún òrùlé ṣe, ẹ fi ìrẹ̀lẹ̀ ní kí ó fún yín "in black and white". Ẹyẹ ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí ó bá fò, ta ni yóò mú un?

Èkejì ni "no strings attached". Kò sí okùn tí a so mọ́ ọn: ìyẹn ni pé kò sí àdéhùn kankan lẹ́yìn ohun tí a fi fún ni. Bí ẹnìkan bá fẹ́ yá yín lówó, tí ó ní "no strings attached", ẹ bi í: èlé ńkọ́? Ìgbà wo ni èmi yóò dá a padà? Ta ni onídùúró? Bí ọ̀kan nínú wọn bá wà, okùn ti wà nìyẹn. Ewúrẹ́ tí a so lè rìn jìnnà bí okùn rẹ̀ bá gùn, ṣùgbọ́n yóò dé ibi tí okùn yóò fà á padà.

Ẹ̀kẹta ni "fine print". Àwọn mìíràn ń pè é ní "small print". "Fine" tí ẹ mọ̀ ni ohun tó rẹwà, tàbí owó ìtanràn. Níhìn-ín kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Lẹ́tà tín-ín-rín ni, èyí tí wọ́n máa ń tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé tàbí sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ibẹ̀ ni iye èlé àti ìjìyà ẹni tó bá pẹ́ san owó sábà máa ń wà. Lẹ́tà ńlá ń pè yín wọlé. Lẹ́tà kékeré ló ń ti ilẹ̀kùn. Ẹ ka kékeré ṣáájú ńlá.

KÓÒTÙ ÀTI AṢỌ

Òwe Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yí padà níhìn-ín. Wọ́n ní kí á gé kóòtù wa "according to your size", bí ara wa ṣe tóbi tó. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń sọ ọ́ ni "according to your cloth": bí aṣọ tó wà lọ́wọ́ wa ṣe tó. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí ó tóbi tí ó ní ọ̀pá aṣọ méjì, bí ó bá gé e bí ara rẹ̀ ṣe tó, ìdajì ara rẹ̀ yóò wà níta. Ohun tó wà lọ́wọ́ ni ká fi náwó, kì í ṣe bí a ṣe jẹ́ ènìyàn ńlá tó. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́: ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ rántí rẹ̀ bí wọ́n bá gbé aṣọ ẹbí dé.

ÈDÈ WA NÁÀ Ń RÌN

Kí ojú má tì yín nítorí Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1843 ni Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde. Ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà C.M.S. tí ẹ ń rí ní Bàrígà níbí, 1859 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ìlú Èkó. 1959 ni ó kó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ti pẹ́ tí a ti ń lọ bá Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì náà ti ń wá bá wa. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Oxford gba ọ̀rọ̀ 29 wọlé láti inú Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ ní Nàìjíríà. "Danfo" wà níbẹ̀, "okada" wà níbẹ̀. "Next tomorrow" tí a fi ń pe ọ̀túnla wà níbẹ̀. "Eat money" náà wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń sọ pé ẹnìkan jẹ owó ìlú. Ní báyìí, òyìnbó tó bá rí "eat money" ni yóò ṣí ìwé wo ìtumọ̀.

KÍ NI KÍ Á WÁ ṢE?

Bí ẹ bá ka gbólóhùn kan, tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò bá ọgbọ́n mu, ẹ dúró. Ẹ má ṣe fò ó. Ẹ ka èyí tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Bí kò bá yé yín síbẹ̀, ẹ béèrè, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yín tó wà ní ilé-ìwé. Abèèrè kì í ṣìnà. Bí ó bá sì jẹ́ ìwé tí wọ́n fẹ́ kí ẹ buwọ́ lù, ẹ ní ẹ fẹ́ gbé e lọ sílé kà. Ẹni tó bá kọ̀ fún yín, ẹ bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ ilé rèé. Kí olúkúlùkù mú àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì kan wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, láti inú ìwé ìròyìn, láti ara ọkọ̀, tàbí láti inú lẹ́tà. Kí ó kọ ti Yorùbá tí ó bá a mu sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A ó jọ kà wọ́n.