Ibo Ni Omi Yìí Ti Ń Wá?

Wọ́n ní kí alukoro sọ̀rọ̀ díẹ̀, mo sì mọ̀ pé ìrẹsì ti ń tutù. Ọ̀rọ̀ ògiri ni mo fẹ́ sọ.

Nílé mi ní Ajah, ara ògiri pálọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ọ̀dà ń bó, nǹkan funfun bí iyọ̀ ń hù lára símẹ́ńtì. Mo pe akunlé. Ó ha á, ó kùn ún, ó gbowó. Kò pé oṣù mẹ́ta, ògiri tún tutù. A kùn ún lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ẹnì kan wá ní kí n fi táìsì bò ó. Mo rà á.

Ìyàwó mi ló bi mí pé, “Dádì, ibo gan-an ni omi yìí ti ń wá?” Ojú tì mí. Èmi tí kì í fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó ẹnikẹ́ni ní báńkì láì béèrè ibi tí owó yóò ti wọlé!

A jókòó. Ilẹ̀ ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń dá lẹ́bi. Òótọ́ ni, òkun wà lápá kan Lekki, ọ̀sà wà lápá kejì, irà tí wọ́n fi yanrìn dí sì ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wa. Bí wọn kò bá tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sórí ìpìlẹ̀ kí wọ́n tó to búlọ́ọ̀kù, omi á máa gun ògiri bí kẹrosíìnì ṣe ń gun òwú àtùpà. Ṣùgbọ́n kí ló dé tó jẹ́ ògiri kan ṣoṣo, èyí tó kẹ́yìn sí balùwẹ̀? Kí ló dé tí kò gbẹ nígbà ọyẹ́? Òrùlé kọ́, òkè ògiri gbẹ táútáú.

Lálẹ́ ọjọ́ kan a fa omi kún táǹkì òkè, a pa ẹ̀rọ, a sàmì síbi tí omi dé. A ti gbogbo ẹnu ẹ̀rọ pa, ẹnikẹ́ni kò lo omi. Ilẹ̀ mọ́, omi ti lọ sílẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kejì a ti fáàfù balùwẹ̀ nìkan pa; omi kò lọ sílẹ̀ rárá. Pọ́ḿbà fọ́ ojú kan péré. Ibi tí páìpù ti tẹ̀ kọrọ̀ ló ń jò.

A dúró títí ògiri fi gbẹ kí a tó kùn ún. Akunlé ń kanra, ó ní òun níṣẹ́ níbòmíràn. Ẹ jẹ́ kó máa lọ. Bí ẹ bá kun ọ̀dà sórí ògiri tutù, ẹ dé omi mọ́nú ni.

Ohun kan ṣì ń bà mí lẹ́rù. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà lára ògiri yẹn, ibi tí ọmọ mi ti máa ń ṣáàjì fóònù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni akunlé kun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lójú mi, tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Ti ìyẹn kò gba sùúrù o: bí ògiri tó ní iná bá tutù, ẹ pa méènì, ẹ pe oníṣẹ́ iná, kí ẹ tó jókòó ronú.

Táìsì náà ṣì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ẹni tó bá ń tún ilé ìdáná ṣe nínú ẹgbẹ́, kó wá wò ó. Aláwọ̀ eérú ni, mi ò sì ní tà á wọ́n.